Fèrèsé Tí À Ń Tì Lọ́sàn-án

Nígbà tí ìyá mi gbà láti kó kúrò ní Oǹdó wá bá wa gbé ní Àkúrẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: ṣé ilé tuntun náà kì í móoru? Mo ní rárá. Ìrètí ni mo fi dáhùn, kì í ṣe ìmọ̀.

A kọ́ ilé náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìta-Ògbólú bí gbogbo èèyàn ṣe ń kọ́lé báyìí: búlọ́ọ̀kù, páànù, àjà oníke, fèrèsé onígíláàsì tí ìdajì rẹ̀ nìkan ló ń ṣí. Etí òrùlé kúrú, káfíńtà sì ti dí abẹ́ rẹ̀ pa nítorí eku. Yàrá Màmá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, nítorí pé apá ibẹ̀ ni títì wà, ta ló sì máa kọ́lé kó kẹ̀yìn sí títì?

Ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú yàrá náà. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ní ká pa á, pé ó ń gé àwọn léegun orúnkún. Nígbà tí a pa á, ooru gba yàrá.

"Tó bá jẹ́ bó ṣe máa rí nìyí," wọ́n ní, "màá padà sílé bàbá yín."

Kò sẹ́ni tó kù nínú ilé bàbá wa. Ilé ìwẹ̀ ibẹ̀ ni Màmá ti ṣubú, tí wọ́n sì wà nílẹ̀ títí ará àdúgbò kan fi gbọ́ ohùn wọn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n padà.

Mi ò kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí mo bá wọ ilé onílé, ògiri ni mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Mo ra òṣùwọ̀n ooru mẹ́ta. Mo gbé ọ̀kan sábẹ́ ìbòòji níta, mo fi ọ̀kan kọ́ sí yàrá Màmá, mo gbé ìkẹta sókè àjà. Ní aago méjì ọ̀sán, ìta jẹ́ dígírì márùndínlógójì, yàrá Màmá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti òkè àjà ti kọjá àádọ́ta. Iná ni a gbé lé Màmá lórí, tí a wá fẹ́ máa fi owó iná mànàmáná pa iná ọ̀hún.

Mo ní kí káfíńtà ṣí abẹ́ etí òrùlé kí atẹ́gùn lè máa gba òkè àjà kọjá, kó fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí i kí eku má bàa wọlé. Mo lọ ṣa àwọn fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n tuntun lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á, mo tẹ́ wọn sórí àjà, mo yẹra fún wáyà. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ Màmá: bí oòrùn bá ti ń le láàárọ̀, ká ti fèrèsé, ká fa kọ́tìnì, bílẹ̀ bá ṣú, ká ṣí gbogbo rẹ̀, irin ṣáà wà lójú fèrèsé.

Wọ́n wò mí. "Ọ̀sán là ń ṣílé, òru là ń tìlé. Ta ló kọ́ ẹ ní tìẹ?"

Ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Yàrá náà bọ́ sí ọgbọ̀n dígírì lọ́sàn-án gangan, láìtan ẹ̀rọ kankan. Gbogbo ẹni tó bá wá sílé wa ni mo ń mú lọ wo òṣùwọ̀n náà.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá bàtà obìnrin rẹpẹtẹ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ni, wọ́n gbé ọsàn wá. Aládùúgbò wa tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ará Ìkàrẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ló kó wọn wá.

"Ẹ ò tilẹ̀ sọ fún wa," ó ní.

"Kí ni mi ò sọ?"

"Pé ara Màmá ò yá. Fèrèsé wọn ò ṣí lọ́sàn-án, a ò rí wọn, a ò gbọ́ ohùn wọn. A ní ká wá gbàdúrà."

Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì láàárín wọn, wọ́n ń mu ọsàn, ojú wọn ń dán. "Kò sóhun tó ṣe mí. Ọmọ mi ló gbé mi sí yàrá tútù. Àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n ń gbé sí yàrá tútù, tí wọ́n ń tilẹ̀kùn mọ́, wọn kì í mí mọ́."

Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi di ògiri mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo rí báàgì Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti di ẹrù wọn sínú rẹ̀.

Nígbà tí àlejò lọ tán, mo bi wọ́n pé ṣé ooru ṣì ń mú wọn.

"Ooru ti lọ," wọ́n ní. "Àwọn èèyàn bá a lọ. Ẹsẹ̀ wọn ni mò ń gbọ́ lójú títì, mi ò rí ojú ẹnì kankan. Lọ́jọ́ Sátidé, wá mú mi lọ sí Oǹdó."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró lójú títì, mo wo ògiri yàrá wọn. Láti ọ̀sán ni oòrùn ti máa ń na ògiri náà títí di ìrọ̀lẹ́, kò sí ohunkóhun tó ṣíji bò ó. Gbogbo ìṣirò mi, inú ilé ni mo ti ń ṣe é. Ohun tí ògiri yẹn nílò gan-an ni ìyá mi nílò: ìbòòji lápá títì.

Mo ra igi àti páànù ní ọjà Ìsìkàn. Mo ri igi kan mọ́lẹ̀, mo ń wo bí òjìji rẹ̀ ṣe ń gùn kí n lè mọ bí fàráńdà tí mo fẹ́ kọ́ síwájú fèrèsé Màmá yóò ṣe fẹ̀ tó. Káfíńtà parí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Fúráídè.

Ní Sátidé, mo gbé àga síbẹ̀, mo ní kí Màmá jókòó díẹ̀ ká tó lọ. Wọ́n jókòó. Ẹni àkọ́kọ́ kọjá, ó kí wọn. Ẹni kejì dúró. Nígbà tó di ọ̀sán, aládùúgbò wa dé, ó na ọwọ́ sí fèrèsé tó wà lẹ́yìn wọn kó lè ṣí i.

"Má ṣí i," Màmá ní. "Atẹ́gùn ọ̀sán kì í dá wá, ooru ló ń pọ̀n sẹ́yìn. Tó bá di alẹ́, màá ṣí i fúnra mi."

Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ìwọ nìkan ni kó o lọ sí Oǹdó. Bá mi gbé àga mi wá, tìẹ yìí ń dùn mí lẹ́yìn."

Orí ọkọ̀ ni mo gbé àga onígi náà lé bọ̀. Mo gbé e ti ògiri, níbi tí ìbòòji ti ń pẹ́ jù. Màmá tún fà á lọ síwájú, sí apá títì.

"Màmá, tó bá di aago márùn-ún, oòrùn á dé ẹsẹ̀ yín níbẹ̀ yẹn."

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Ìgbà yẹn làwọn òṣìṣẹ́ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀."