Ta Ni Yóò Ṣe Elégbè Bàbá Harriet?

Ohun tí gbogbo Abẹ́òkúta fi mọ olóògbé Ọlálẹ́yẹ, télọ̀ ará Aké tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Harriet, ni ọjọ́ tó bá asọ̀rọ̀mágbèsì jà. Ọdún 1947 ni. Àwọn tó ń mójú tó ẹ̀rọ náà ní kó wá fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pa àlọ́ fún ìlú ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan. Ó wọ kóòtù, ó kun bàtà rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó jókòó síwájú irin tí wọ́n ní kó máa bá sọ̀rọ̀, ó sì ké tantan pé, "Ààlọ́ o!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó dúró díẹ̀, ó tún un ké. Ọ̀gbẹ́ni Olújìmí tó ń tọ́jú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ júwe fún un pé kó máa bá a lọ.

"Kí n máa bá kí ni lọ? Wọn ò tíì dá mi lóhùn."

"Bàbá, wọ́n ń dá yín lóhùn nílé wọn. Ẹ̀yin lẹ ò lè gbọ́ wọn."

"Ìwọ ń gbọ́ wọn?"

"Rárá, sà."

"Báwo lo ṣe wá mọ̀?"

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lóòótọ́ la wà nílé tí à ń pariwo "Ààlọ̀!" mọ́ àpótí tó wà lára ògiri títí ohùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Ohun tí àpótí ń sọ fún wa padà ni, "Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá, ṣé gbogbo yín lẹ ti lọ sóko ni?" Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé, wọ́n fi orin dùùrù sí i. Bàbá ò tíì bẹ̀rẹ̀ àlọ́.

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n àwa tí ilé wa fẹ̀gbẹ́ ti tirẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀rín lọ. Lydia ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ni elégbè rẹ̀. Ogójì ọdún ni wọ́n fi jókòó síwájú ilé, tí Bàbá ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, tí Màmá ń rán bọ́tìnì, tí àlọ́ sì ń lọ láàárín wọn. Àlọ́ tí Màmá fẹ́ràn jù ni ti ọmọbìnrin tó gbàgbé orin rẹ̀ sétí odò Ògùn, tó wá ń bi gbogbo ẹni tó pàdé lọ́nà bóyá wọ́n bá òun rí i. Ẹni mọ́kànlá ló ń pàdé, bí ó bá sì ti pàdé ọ̀kọ̀ọ̀kan, Màmá á gbe orin. Bí ó bá ti di ẹni kẹfà, Màmá á ní, "Bàbá Harriet, ọmọ yìí ti rìn tó. Ẹ jẹ́ kó délé, mo fẹ́ lọ gbọ́bẹ̀ kaná." Bàbá á ní kò ní í délé. Aṣọ oníbàárà ò sì ní í parí lọ́jọ́ náà.

Màmá kú ní ọdún 1945. Harriet, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní Jọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni Bàbá ń wá kiri: ẹni tí yóò máa gbe orin náà fún un. Kì í sì í ṣe pé àwa aládùúgbò ò gbìyànjú. Ìyá Adérónkẹ́ lọ, Bàbá ní orin rẹ̀ yá ju bó ṣe yẹ lọ. Dìran tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Bàbá bi í pé, "Ṣé òkú la fẹ́ sin ni?" Èmi náà lọ. Mi ò ní í sọ ohun tó sọ fún mi. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó lọ mọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan là ń gbọ́ láti iwájú ilé yẹn, àánú rẹ̀ sì ń ṣe wá.

Ní ọdún 1948, ọkọ̀ sinimá ìjọba dé. Wọ́n ta aṣọ funfun sórí pápá, wọ́n fẹ́ fi ìtọ́jú ọmọ kọ́ wa. Bàbá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ síwájú pátápátá. Ìyá ọmọ kan ń sunkún nínú sinimá náà, ọkọ rẹ̀ sì gbé ọmọ wọn tó ń ṣàìsàn jáde nílé. Kí á tó ṣẹ́jú, ó ti dé ọsibítù. Bàbá bá fò dìde.

"Dá a dúró! Ọ̀nà dà?"

Ṣéhù tó ń yí ẹ̀rọ ní, "Bàbá, ẹ jókòó. Wọ́n ti gé ọ̀nà kúrò."

"Wọ́n gé ọ̀nà kúrò? Èmi náà ń fi àlùmọ́gàjí jẹun, ṣùgbọ́n mi ò gé apá ẹni tó fẹ́ wọ aṣọ rí. Ta ni wọ́n pàdé? Ta ló bá a gbé ọmọ?"

Ó bá yíjú sí wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ọ̀nà náà fún wa. Wọ́n pàdé òjò ní Òdèdá, wọ́n pàdé àgbẹ̀ kan tó fi ẹwù rẹ̀ bo ọmọ náà. Àwọn èèyàn kẹ̀yìn sí aṣọ funfun. Ìgbà tí Ṣéhù pa ẹ̀rọ, ara ọmọ inú sinimá ti yá, kò sì sẹ́ni tó rí i.

Bàbá sọ òtítọ́ kan fún mi lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Lára aṣọ funfun yẹn, ojú ìyá ọmọ náà gbòòrò ju ilẹ̀kùn ilé mi lọ. Mo rí omijé nígbà tó ń bọ̀. Mi ò lè fi ẹnu ṣe ìyẹn. Lydia ì bá fẹ́ràn rẹ̀." Ó bá ń wá abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá ku ìwé. Tíṣà Adéṣọlá gbà láti bá a kọ àlọ́ náà sílẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kábàámọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọbìnrin náà pàdé ìyá arúgbó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọdẹ arọ ló pàdé.

"Bàbá, èwo gan-an ni kí n kọ?"

"Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ?"

"Ìwé ni, sà. Ìwé ò mọ ẹni tó ń ka òun."

"Ó mà ṣe o," ni Bàbá wí, tìyọ́nú-tìyọ́nú.

Nílé ìtẹ̀wé, ó ní kí wọ́n fi àyè tó ṣófo sílẹ̀ níbi tí ègbè bá ti kàn. Túbọ̀sún tó ni ilé ìtẹ̀wé náà ní àwọn èèyàn á rò pé yíǹkì òun ló tán. Bàbá ní kò kan òun, ibẹ̀ ni Lydia máa ń wà. Bí ìwé ṣe jáde nìyẹn, pẹ̀lú àyè mọ́kànlá tó ṣófo. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èèyàn mẹ́fà ti wá dá a padà.

Ẹni keje ni Bùsírátù, opó kan tó ń ta àdìrẹ, tó kàwé dé sítáńdáàdì mẹ́rin.

"Ẹ kú ìjókòó, sà. Ìwé yín ò pé."

"Jókòó, kà á dé ibi tí kò ti pé."

Ó kà á títí ó fi kan àyè. Ó gbójú sókè. "Ó tán síbí."

"Kò tán. Ìwọ ló kàn."

"Èmi kẹ̀? Mi ò mọ orin tó wà níbẹ̀."

Bàbá ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Bùsírátù wò ó, ó wo àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá kọ orin tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ bí ó bá ń wẹ̀ ẹ́ ní kékeré. Kò jọ ti Màmá rárá. Àwa tí à ń wò láti ojú fèrèsé ti ń retí kó lé e jáde. Bàbá tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Máa kà á lọ."

Oṣù méje ni Bùsírátù fi ń wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí yóò kà á, tí yóò kọrin ìwẹ̀ rẹ̀ nígbà mọ́kànlá. Ilé tirẹ̀ náà dákẹ́, ó sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, Bàbá sùn, kò jí.

Harriet wá láti Jọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bùsírátù wá kí i, ó mú ìwé náà dání, ó ní òun fẹ́ kà á fún un bí òun ṣe ń kà á fún bàbá rẹ̀. Ó kà á, ó kan àyè àkọ́kọ́, ó kọrin. Harriet ń wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Kì í ṣe orin Màmá wa nìyẹn." Ó kọ ti Màmá fún un. Ó kúrú, ó sì yàtọ̀ pátápátá.

Bùsírátù pa ìwé dé. "Mo ti ń kọ ọ́ ní àkọtì láti oṣù méje."

"Bàbá mi ò sì tọ́ yín sọ́nà?"

"Kò ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí."

Harriet bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tó rín láti ìgbà tó ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ó rín in títí ó fi di ẹkún, àwa náà sì bá a sun ún. Nígbà tó nu ojú tán, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ Bùsírátù.

"Ẹ kọ tiyín, mà," ló wí. "Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ fún un."