Ẹ̀rí Tí Àníkẹ́ Jẹ́ ní Ẹdúnàbọ̀n

Ní ọdún 1996, bí ẹ bá dé Ẹnuwá ní Ọjọ́rú tí ẹ bèèrè Àníkẹ́ aláṣọ, ẹ ò ní bá a ní ìsọ̀. Ọsibítù ló máa ń wà. Jẹjẹrẹ ti gba ọmú rẹ̀ kan ṣáájú ìgbà náà, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ tí dókítà bá ní ìtọ́jú ti parí, kí èèyàn máa lọ sílé, ni ẹ̀rù gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń jókòó ti àwọn obìnrin tó fẹ́ relé, tí yóò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀ kí apá má baà gan, àti bí wọ́n ṣe máa jẹ́ kí ọkọ wọn wo ojú ọgbẹ́ náà láì sá. Ohun tó máa ń sọ kẹ́yìn ni pé kí wọ́n padà wá fún àyẹ̀wò, nítorí àìsàn yìí mọ ọ̀nà ilé tó ti wọ̀ rí.

Abọ́sẹ̀dé, tíṣà kan láti Ẹdúnàbọ̀n, wà lára wọn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí pé Olúwa ti fa àìsàn náà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ìjọ jó. Láti ọjọ́ náà, kò fẹsẹ̀ tẹ ọsibítù mọ́. Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ kọjá, Àníkẹ́ wọkọ̀, ó lọ bá a nílé.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti jẹ́rìí,” ni Abọ́sẹ̀dé sọ, kò lè wo ojú rẹ̀. “Bí wọ́n bá rí mi ní ọsibítù, wọn á ní irọ́ ni mo pa mọ́ Ọlọ́run.”

Inú bí Àníkẹ́. Ó ti bá wọn sin obìnrin tó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú. Ó gbé ìbínú rẹ̀ mì, ó padà sílé.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ó tún wá, ó lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Bí wọ́n ṣe pe àwọn tó fẹ́ jẹ́rìí, ó dìde. Ó ní Ọlọ́run ló yọ òun lọ́wọ́ jẹjẹrẹ, ó sì fi kún un pé òun ń lọ kí dókítà yẹ òun wò ní Ọjọ́rú, kí ìjọ fi àdúrà sin òun.

“Ẹni tó yọ mí náà ló ń rán mi lọ,” ni ó wí.

Pásítọ̀ ní kó wá kúnlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ bá a kúnlẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Abọ́sẹ̀dé tó jáde wá kúnlẹ̀ tì í.

Ká má parọ́, ó ti pẹ́ tí Àníkẹ́ fúnra rẹ̀ ti yẹ ara wò gbẹ̀yìn. Ó ń fọ̀nà han ẹlòmíràn, ó wá ń tan ara rẹ̀ pé bí òun ṣe ń lọ jókòó ní ọsibítù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti tó. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Èyí tó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ níwájú ìjọ kò ṣeé kó mọ́.

Ní Ọjọ́rú, Abọ́sẹ̀dé ló kọ́kọ́ wọlé. Dókítà ò rí nǹkan kan lára rẹ̀. Nígbà tó kan Àníkẹ́, ọwọ́ dókítà lọ, ó bọ̀, ó dúró lábẹ́ abíyá rẹ̀, kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó ní kó padà wá lọ́la, kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò.

Àníkẹ́ jáde, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Nínú gbogbo ohun tó ti ń kọ́ àwọn obìnrin, kò rí ẹyọ kan rántí. Abọ́sẹ̀dé jókòó tì í, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò lọ sí Ẹdúnàbọ̀n mọ́ lónìí,” ni ó wí. “Ọ̀dọ̀ yín ni màá sùn.”