Ẹ Bá Mi Yọ Owó Ọ̀nà Jíjìn Kúrò

Wọ́n ní ikú ni Ẹ-Súnmọ́-Díẹ̀ rí nínú lẹ́ńsì. Wọ́n ní lẹ́ńsì tuntun tó rà náà lágbára tó bẹ́ẹ̀ tó fi rí ikú láti òpin títì, nígbà tí ikú ṣì ń béèrè nọ́ńbà ilé lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò. Onígbàjámọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé ní aṣọ dúdú ni ikú wọ̀. Alágbàfọ̀ tó wà lódìkejì ní irọ́ ni, aṣọ funfun ni, aṣọ ọ̀hún ò tiẹ̀ mọ́. Ibi tí ẹnu wọn ti wá kò ni pé nígbà tí onífọ́tò náà rí ikú lókèèrè, kò sá, kò pariwo. Ó kàn gbé kámẹ́rà sójú, ó ní, "Ẹ súnmọ́ díẹ̀." Ikú, tí ẹnikẹ́ni ò fi ọ̀wọ̀ pè rí látọjọ́ táláyé ti dáyé, bá súnmọ́.

Ẹni tó mọ ọkùnrin náà kò lè sọ pé kò ṣeé ṣe. Ohun tó ń sọ fún gbogbo ẹ̀dá nìyẹn: ọmọ tuntun, ọ̀gá iléeṣẹ́, ajá. Ó sọ ọ́ títí ó fi di orúkọ mọ́ ọn lára. Ikú kọ́ ló yani lẹ́nu nínú ìtàn náà. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé Ẹ-Súnmọ́-Díẹ̀ ra lẹ́ńsì.

Nítorí pé ọkùnrin yìí ti ń yan lẹ́ńsì láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ó yàn án títí irun fi funfun, ó tún yàn án títí irun fi lọ.

Èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni ti ọjọ́ tó lọ ná ìdajì lẹ́ńsì. Ṣọ́ọ̀bù kámẹ́rà kan ni, tó kún fún àpótí onígíláàsì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ a máa fi aṣọ kékeré kan nu lẹ́ńsì jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu imú ọmọ ọlọ́mọ.

"Bàbá, ẹ wo gbogbonìṣe," ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní. "Ẹ ò ní máa pààrọ̀ lẹ́ńsì kiri mọ́. Ẹ yí i síbí, gbogbo yàrá wọlé. Ẹ yí i sọ́hùn-ún, ẹyẹ orí òpó iná á wá síwájú yín."

"Kí ni mo fẹ́ fi ẹyẹ ṣe?"

"Àpẹẹrẹ ni, bàbá."

"Ẹyẹ ò sanwó fọ́tò fún mi rí." Ẹ-Súnmọ́-Díẹ̀ gba lẹ́ńsì náà, ó yí i, ọrùn lẹ́ńsì sì ń yọ bí ọrùn ahun. "Ohun tó bá mọ gbogbo iṣẹ́, kì í mọ ọ̀kan dójú àmì. Ẹni tó lé eku méjì, á pòfo."

"Ẹ jẹ́ n fún yín ní méjì nígbà náà, ọ̀kan fún ìtòsí, ọ̀kan fún ọ̀nà jíjìn."

"Èjìká kan ṣoṣo ni mo fi ń gbé àpò."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ẹ-Súnmọ́-Díẹ̀ wá fi èékánná sí agbede-méjì lẹ́ńsì náà. "Ó dáa, ó dáa. Ibí yìí ni mo máa lò ó dé. Àwọn tí mò ń yà kì í wà lókèèrè, èmi ni mo máa ń ní kí wọ́n súnmọ́. Ẹ bá mi yọ owó ọ̀nà jíjìn kúrò."

Ọ̀dọ́mọkùnrin rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rín in, ó dákẹ́. "Bàbá, a kì í ta lẹ́ńsì lábọ̀."

"Wọ́n ń ta búrẹ́dì lábọ̀."

"A ò ta búrẹ́dì níbí, sà."

"Wàhálà yín nìyẹn," Ẹ-Súnmọ́-Díẹ̀ ní, ó sì jáde.

Lẹ́ńsì tó ń lò nílé kì í fà, kì í sún. Bó ṣe wà náà ló wà, bí òkúta. Bí èèyàn bá pọ̀ jù fún un, ẹsẹ̀ Ẹ-Súnmọ́-Díẹ̀ ló máa ń fẹ̀yìn rìn títí gbogbo wọn á fi wọlé. "Ẹsẹ̀ mi ni gbogbonìṣe," ló máa ń wí, orúnkún rẹ̀ á sì dáhùn pé kẹ̀ǹkẹ̀.

Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ló gbé e jáde kúrò ní iléeṣẹ́ kan níbi tí wọ́n ti pè é kó wá ya àwọn tó ń fẹ̀yìntì. Wọ́n ti tò, wọ́n ti rẹ́rìn-ín. "Ẹ súnmọ́ra díẹ̀!" ó ní, ó sún sẹ́yìn. "Ẹ tún súnmọ́ra!" ó tún sún. Ó sún gba ẹnu ọ̀nà onígíláàsì kọjá, ilẹ̀kùn pa dé, ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé káàdì ni wọ́n fi ń ṣí i láti ìta. Ó gbá gíláàsì, ó pariwo, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ nínú. Wọ́n kàn ń rí i tó ń ju ọwọ́, wọ́n sì rò pé ohun tó máa ń sọ náà ló ń sọ. Wọ́n bá súnmọ́ra sí i, títí akọ̀wé tín-ín-rín kan tó wà láàárín wọn kò fi rí afẹ́fẹ́ mí mọ́. Nígbà tó sú Ẹ-Súnmọ́-Díẹ̀, ó kúkú ya fọ́tò náà láti ìta. Ó ṣì wà lára ògiri wọn títí dòní, fọ́tò tó dáa ni. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé ojú onífọ́tò hàn nínú gíláàsì láàárín gbogbo wọn, ó la ẹnu, ó ń bẹ wọ́n.

Bó ti wù kí ó rí, gbogbo wọn ní fọ́tò. Ẹni tí kò ní ni ìyàwó rẹ̀.

Aránṣọ ni obìnrin náà, yàrá tó kángun sí ti ọkọ rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ kì í kúrò ní kọ́là rẹ̀. Ògiri yàrá méjèèjì kún fún ojú àwọn ẹlòmíràn. Ẹ-Súnmọ́-Díẹ̀ ti ṣèlérí látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra pé fọ́tò tirẹ̀ kì í ṣe ti wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọjọ́ tí òun bá ra lẹ́ńsì tó yẹ ẹ́ ni òun á yà á. Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Nígbà tó yá, ó di àwàdà. Nígbà tó tún yá, ẹnìkan ò rẹ́rìn-ín sí i mọ́.

"Baba, ẹ yà mí báyìí, mo ti wọ aṣọ tó dáa."

"Ìyàwó, irú ojú ẹ kọ́ ni wọ́n ń fi lẹ́ńsì àlòkù yà."

"Ojú mi náà ti ń di àlòkù. Ẹ ṣe kíá."

Kò ṣe kíá. Ohun kan ṣoṣo tí obìnrin náà ń fẹ́ ni pé kí ọkọ òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya òun lẹ́ẹ̀kan kí ojú òun tó yí padà tán, ó sì ń rí i nínú dígí lójoojúmọ́ pé ojú ò dúró de ẹnìkan. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ ní kí oníkálukú mú fọ́tò wá fún káàdì, ó rọra gba ọ̀dọ̀ onífọ́tò mìíràn lọ. Ẹ-Súnmọ́-Díẹ̀ rí káàdì náà lórí tábìlì, ó gbé e súnmọ́ iná, inú bí i.

"Ta ló yà ẹ́ báyìí? Wo bó ṣe sọ imú ẹ di bọ́tìnnì! Ta ni?"

"Ẹni tó ní lẹ́ńsì," ìyàwó rẹ̀ dáhùn, ó sì ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó lọ bẹ ọlọ́jà kámẹ́rà, ó yá oríṣiríṣi gbogbonìṣe lọ́wọ́ rẹ̀ láti dán wọn wò. Láti ojú fèrèsé òkè ló ti ń dán wọn wò: ó ń fi lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan ya táǹkì omi tó wà lórí ilé òdìkejì, kó lè mọ èyí tí yóò fi ìpẹtà ara rẹ̀ hàn jù. Onílé òdìkejì rí ọkùnrin tó ń fi kámẹ́rà sọ táǹkì òun láràárọ̀. Ó ní ìjọba ló rán an wá wo ìpẹtà. Ó wá àwọn tó ń kun nǹkan, wọ́n ha ìpẹtà náà dànù, wọ́n fi ọ̀dà búlúù kun táǹkì láti òkè délẹ̀. Ó sì ku lẹ́ńsì kan ṣoṣo tí Ẹ-Súnmọ́-Díẹ̀ kò tíì dán wò!

Ó fi orúnkún tó ń dùn ún sọ̀kalẹ̀, ó sáré kọjá títì.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kùn ún?"

"Ọ̀gá, ẹ forí jì wá. A ti tún un ṣe, ẹ má gbé wa lọ sílé ẹjọ́."

"Ẹ dá ìpẹtà mi padà!"

Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ dá ìpẹtà padà. Gbogbo ìdánwò náà bà jẹ́. Ó ní òun á dúró kí táǹkì náà tún dógùn-ún.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń kúrò ní ẹ̀rín. Táǹkì ò dógùn-ún, ara onífọ́tò ló ń dógùn-ún. Fóònù dé ọwọ́ olúkálukú, oníbàárà dín kù, àga tí wọ́n ń jókòó sí dúró dè wọ́n lásán. Orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Dókítà ní kó má fẹ̀yìn rìn mọ́, ọkàn rẹ̀ pàápàá ti rẹ̀. Nígbà tó ṣe, kò lè sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé àga kan sí ojú fèrèsé, ibẹ̀ ló ń jókòó sí láti òwúrọ̀, pẹ̀lú kámẹ́rà lórí itan, tí kò sì sí ẹnìkan níwájú rẹ̀ tó máa sọ fún pé kó súnmọ́.

"Ìyàwó," ó ní lọ́jọ́ kan, "mo yàn títí, yíyàn ti tán mi lókun."

"Ẹ kúkú mú èyíkéyìí."

"Bí kò bá wá dáa ńkọ́?"

"Èmi tí ẹ yàn, lára táǹkì wo lẹ ti dán mi wò? Ṣé ẹ kábàámọ̀?"

Ó wò ó títí. "Rárá," ó ní. Ó mú fóònù, ó pe ọlọ́jà. "Gbé gbogbonìṣe yẹn wá."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, nítorí kò gba etí rẹ̀ gbọ́. Bó ṣe ń so lẹ́ńsì mọ́ kámẹ́rà, kò lè pa á mọ́ra. "Bàbá, ṣé kí n bá yín yọ owó ọ̀nà jíjìn kúrò?"

Ẹ-Súnmọ́-Díẹ̀ wo títì tó lọ gbọọrọ lábẹ́ fèrèsé, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Fi í síbẹ̀," ó ní. "Ó lè wúlò."

Ẹ máa rò pé ó ya ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà wọ aṣọ tó dáa, ó jókòó. Ọkọ rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ ò tíì dáa. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wọ̀ ọ́. Ọkọ rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tó tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, obìnrin náà bọ́ aṣọ náà, ó ká a, ó fi í sísàlẹ̀ àpótí. "Mo ti gbà," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀." Ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó jáde lọ ra òwú.

Nígbà tó dé, ó kígbe pe ọkọ rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Kò dáhùn. Ó bá a lórí àga, ó ti lọ. Kámẹ́rà wà lórí itan rẹ̀, ọrùn lẹ́ńsì nà tán pátápátá, ó kọjú sí títì. Àwọn tó sáré gòkè wá bá a sunkún rí i bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ìtàn ikú ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin náà fi aṣọ wé kámẹ́rà náà, ó tì í sábẹ́ tábìlì. Ó ní òun ò bínú. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, nǹkan mìíràn ni ẹ̀rọ náà ń sọ. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́jà wá kí i, ó gbé e fún un.

"Gbà, bá mi tà á. Ó fi gbogbo ayé rẹ̀ yan nǹkan yìí, kò wá rí mi yà."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tan kámẹ́rà kó lè pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ó wò ó. Ó gbé e súnmọ́ obìnrin náà. "Mama, ẹ wá wo nǹkan."

Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Obìnrin kan ń bọ̀ láti òpin títì, téèpù lọ́rùn, àpò òwú lábẹ́ abíyá. Bàtà rẹ̀ kan ti já, ó mú un lọ́wọ́, ó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wo òun. Ó súnmọ́ débi pé èèyàn lè ka abẹ́rẹ́ tó wà ní kọ́là rẹ̀.

"Òpin ọ̀nà jíjìn ló fi yà á, Mama. Lẹ́ńsì náà kò tún níbi tó lè nà dé."

Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. "Aṣọ iṣẹ́!" ó ní. "Gbogbo aṣọ tí mo ní, aṣọ iṣẹ́ ni ọkùnrin yìí yà mí mọ́!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà kò sì tètè dá.

Fọ́tò náà ti wà lára ògiri báyìí, láàárín àwọn ojú yòókù. Onígbàjámọ̀ ṣì ń búra pé aṣọ dúdú ni. Alágbàfọ̀ ṣì ń jà fún funfun. Ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè lọ́jọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ ni. Ó lọ ra òwú, ó ń padà bọ̀ wálé.