Ọjọ́ tí Ìyá Mi Dìde Sọ̀rọ̀ nílé Ìwé Wa

Ní Bàrígà tí mo dàgbà sí, ẹja ni ìyá mi ń yan. Apẹja láti etí òkun Oǹdó ni àwọn ènìyàn wa, òwúrọ̀ kùtù sì ni ọkọ̀ wọn máa ń gúnlẹ̀ létí ọ̀sà. Èmi ni mo máa ń bá ìyá mi fọ ẹja kí n tó sáré lọ sílé ìwé. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í pẹ́ dé. Ẹgba ni wọ́n fi ń kí mi káàárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀bi hẹ́dímásítà wa kọ́. Ọ́fíìsì ìjọ tó ni ilé ìwé wa, tó wà ní erékùṣù Èkó, ló ń pinnu ohun gbogbo fún wa, títí kan irú ọ̀dà tí a ó fi kun ilẹ̀kùn. Àfìgbà tí wọ́n kọ̀wé pé kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan máa bá àwọn òbí jókòó, kí wọ́n máa ṣe ìpinnu ara wọn.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ṣe ìpàdé, mo sì tẹ̀ lé ìyá mi lọ. Ìyá mi wọ bùbá tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ká ara jọ sórí bẹ́ǹṣì kékeré wa. Àwọn bàbá tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n wá láti Ṣómólú, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni hẹ́dímásítà kọjú sí ìyá mi.

"Ìyá, ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ rí sí i?"

Ìyá mi dìde. "Ẹ má bínú, tíṣà, n ò mọ̀wé. Ọmọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹja ni kì í dúró de agogo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sún agogo yín síwájú díẹ̀."

Hẹ́dímásítà mú gègé, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án la ń wọlé dípò mẹ́jọ. Ẹgba kò kàn mí mọ́.

Ètò yìí kò ju ọdún kan àti ààbọ̀ lọ. Wọ́n gbé hẹ́dímásítà mìíràn wá, òun àti ìwé ọ́fíìsì: aago mẹ́jọ ni fún gbogbo ilé ìwé. Ẹnikẹ́ni kò pe àwọn òbí. Ìyá mi kò jà. Ó kàn ní kí n fi ẹja sílẹ̀, òun nìkan ló sì ń fọ̀ ọ́ títí mo fi jáde ìwé mẹ́fà.

Ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti fi ayé sílẹ̀. Àárò ọ̀sán Sátidé yẹn ṣì ń sọ mí, bó ṣe di ọwọ́ mi mú nígbà tí a ń padà sílé, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń tún un sọ ṣáá pé:

"Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé o rí i? Ó kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀."