Ìdérí Kànga àti Èdè Ẹ̀rọ Tuntun

Ọdún tí eṣú jẹ ọkà jéró ìlú Wamakko dé gbòǹgbò, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tó ọmọ tí wọ́n ń gbé korobá omi lé lórí ni. Agboolé àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kofar Marke, níhìn-ín ní àríwá, ni wọ́n bí mi sí, kànga kan ṣoṣo la sì ní. Ìwọ ọmọ-ọmọ mi tí ò ń bá mi kọ ìtàn yìí, má yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀ o.

Kànga náà kò ní ìdérí. Àwọn bàbá wa ló gbẹ́ ẹ, wọ́n sì gbẹ́ ẹ dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ní ẹni tó bá ń ṣọ́ra kì í jìn sí i. Ewúrẹ́ jìn, wọ́n ní ewúrẹ́ ò gbọ́n. Ìgbà tó yá, àbúrò mi ọkùnrin jìn. A fi okùn fà á yọ láàyè, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò tọ́ mọ́.

Ni ìyá mi bá tọ alágbẹ̀dẹ lọ, ó gbé ìdérí irin wálé, irú èyí tó ń padà dé fúnra rẹ̀ bí ọwọ́ bá ti kúrò lára rẹ̀. Àwọn àgbà fárígá.

“Haba! Ọwọ́ kan á di ìdérí mú, ọwọ́ kan á fa okùn? Bó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe?”

“Èmi ni, ẹ̀yin bàbá mi. Àmọ́ ẹni tó bá yọ ọ́, òun náà ni yóò wọnú kànga lọ gbé ọmọ tó bá tún jìn.”

Kò sẹ́ni tó yọ ọ́.

Ìwọ lo mú mi rántí rẹ̀. O ní ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà lò ń bá wọn ṣe níbi iṣẹ́ rẹ, ibi tí ojú kì í rí, tí gbogbo iṣẹ́ yòókù jókòó lé. O ní èdè àtijọ́ tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún un máa ń jẹ́ kí àṣìṣe kọjá bí ihò lára ògiri, ẹnikẹ́ni kì í mọ̀ àfìgbà tí ẹ̀rọ bá dákú tàbí tí olè bá gba ihò náà wọlé. Èdè tuntun tó o fẹ́ kí wọ́n máa lò kì í gbà. Ó ní kó o lọ dí ihò ná. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní àtijọ́ tó fún ẹni tó ń ṣọ́ra, pé ta ni yóò máa tún èdè méjì ṣe. O wá láti àdúgbò Arkilla wá sunkún fún mi, o ní o fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Kai! O ò lọ síbì kankan. Ṣebí ìwọ náà lo ní àwọn kan lára àwọn àgbà náà ti ń fara mọ́ èdè tuntun náà?

Ayé ti yí. Omi ẹ̀rọ ti wọ agboolé wa, ẹnikẹ́ni ò fami mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ fún ìyá rẹ àtàwọn àbúrò rẹ̀ kò tíì yí: ẹ kúnlẹ̀ kí ẹni tó gbẹ́ kànga. Bẹ́ ẹ bá kí i tán, ẹ dìde, kẹ́ ẹ dé kànga náà.