Ilé Ìdáná tí A Fi Eérú Yà Sílẹ̀

Fọ́tò ló kó bá mi. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Ìlọrin ló ń fi wọ́n ránṣẹ́ sórí fóònù mi, fọ́tò ilé ìdáná lóríṣiríṣi: èyí tó funfun báláú, èyí tí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ga kan àjà, èyí tí wọ́n gbé òdòdó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sínkì bí ẹni pé kò sẹ́ni tó máa fọ ẹja níbẹ̀ láéláé. Tí mo bá ti iléèwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dé, màá jókòó, màá máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá dìde lọ sínú ilé ìdáná tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe rí. Ẹni tó kọ́ ilé tí à ń gbé ní Òmù-Àrán yìí kí a tó rà á, ó dá mi lójú pé kò se oúnjẹ rí láyé rẹ̀. Ó yọ yàrá kótópó kan sẹ́yìn ilé, ó fi ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú sí i. Bí mo bá ń ro ọkà lọ́wọ́ tí ẹnì kan ti ilẹ̀kùn, ìdí mi ni ilẹ̀kùn máa gbá. Fèrèsé rẹ̀ ò ju ojú ẹyẹ lọ. Òjò máa ń jò sí igun kan, igun yẹn gan-an ni mo sì kọ́kọ́ gbé gáàsì sí kí n tó gbọ́n. Èèyàn méjì ò lè kọjá ara wọn níbẹ̀ àfi kí ọ̀kan fa ikùn sínú. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń bá a fà á bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ọkọ mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé a máa tún un ṣe lọ́dún yìí, mo jó. Mo jó yí i ká ní pálọ̀, òun náà sì ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Olùkọ́ ìṣirò ni ọkọ mi kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tó jẹ́, kó gbé tépù lé e lọ́wọ́. Ó wọn ògiri, ó wọn fèrèsé, ó wọn ìkòkò tí mo fi ń se ìrẹsì ọdún Iléyá. Ó ní kí n na ọwọ́ sókè kí òun lè mọ ibi tí ọwọ́ mi dé, mo sì nà án títí apá fi ń ro mí, torí ó gbàgbé ohun tó kà, ó ní ká tún un ṣe.

Ẹnì kẹta tó wà nílé wa nígbà náà ni ìyá mi. Láti ìgbà ọyẹ́ ló ti wà lọ́dọ̀ wa. Ó ṣubú nínú àgbàlá rẹ̀ ní Ẹsìẹ́, òun nìkan ló sì ń gbé ilé náà láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Ó pẹ́ nílẹ̀ kí aládùúgbò tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ni mo bá lọ gbé e wá. Ẹsẹ̀ ti san, orúnkún nìkan ni kì í jẹ́ kó lè dúró pẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti sọ fún gbogbo wa pé bí iṣu tuntun bá ti jáde, òun ń padà sílé òun. Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó máa tún ṣubú, pé lọ́tẹ̀ yìí aládùúgbò lè má gbọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, ọkọ mi bẹ̀ ẹ́, lèmọ́ọ̀mù àdúgbò wa bá wa bẹ̀ ẹ́. Ó máa gbọ́ wa tán, á ní kí Ọlọ́run san wá lẹ́san, á sì tún bèèrè bóyá wọ́n ti ń wa iṣu tuntun lápá Òkè-Onígbìn.

Lójú tèmi, kò sóhun tó kù tí mi ò ṣe fún un. Mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan kan. Bó bá na ọwọ́ sí ọ̀bẹ, màá gbà á, màá ní kó sinmi. Bó bá yọjú sí ilé ìdáná, màá rọra dá a padà sí pálọ̀, màá tan tẹlifíṣọ̀n fún un. Ìtọ́jú nìyẹn, àbí? Ilé ìdáná tuntun yìí náà, mo ti rò ó pé bó bá fojú kàn án, á mọ̀ pé inú ìrọ̀rùn lòun wà, ọkàn rẹ̀ á sì kúrò ní Ẹsìẹ́.

Ọkọ mi ya pulánì náà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá. A jà lórí rẹ̀ dáadáa. Ó fẹ́ kí sínkì wà nítòsí ilẹ̀kùn, mo ní lábẹ́ fèrèsé ni. Mo fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù yí gbogbo ògiri ká lókè, ó ní ṣé mo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ni. Nígbà tá a parí ìjà, tá a parí àwòrán, mo gbé e lọ bá ìyá mi bí ọmọ tó gbé ìwé ìdánwò wálé. Mo fi ìka tọ́ka sí gbogbo rẹ̀: gáàsì rèé, sínkì rèé, fíríìjì rèé, pẹpẹ tí a ó ti máa gé ẹ̀fọ́ rèé. Ó gbé e jìnnà sójú, ó wò ó pẹ́.

"Níbo lèèyàn máa jókòó sí níbẹ̀?" ló bi mí.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní wọn kì í jókòó nínú ilé ìdáná ìgbàlódé, ìdúró ni wọ́n fi ń ṣe é, ìjókòó wà ní pálọ̀. Ó ní ó dáa, ó ní ó rẹwà, ó sì dá kàlẹ́ńdà padà fún mi. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ọ láti yàrá tó ń bi ọkọ mi léèrè ọjọ́ wo ni mọ́tò Ẹsìẹ́ máa ń pọ̀ ní gáréèjì. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, mo tètè kúrò níléèwé, torí òjò ń ṣú. Mi ò bá ìyá mi ní pálọ̀. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá a, lábẹ́ igi máńgòrò, lórí àpótí tí ọkọ mi máa ń jókòó sí fọ bàtà. Ẹ̀gúsí tí mo rà fún ọ̀sẹ̀ yẹn ló gbé síwájú tó ń bó. Abọ́ kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún, asẹ́ wà lọ́wọ́ òsì, ó ti fa garawa omi mọ́ra, ó sì gbé ọlọ mi, tí mo ti pa tì láti ìgbà tí iná mọ̀nàmọ́ná ti ń bá wa lọ ata, sẹ́bàá ẹsẹ̀. Kò dìde rárá. Ó kàn ń yí lórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ sì ń dé gbogbo nǹkan. Ó tún ń kọrin. Láti ìgbà tó ti dé, mi ò tíì gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀, mi ò sì mọ̀ pé mi ò gbọ́ ọ àfi ìgbà tí mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà.

Bó ṣe rí mi, ó dákẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́ jọ wéréwéré bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ kó wà. Ìyẹn dùn mí ju ìbéèrè nípa mọ́tò lọ. Mo rántí ilé ìdáná rẹ̀ ní Ẹsìẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré: òun ní àárín, ààrò níwájú, ìkòkò omi lọ́wọ́ òsì, odó lẹ́yìn. Kò sóhun tó ń rìn níbẹ̀ bí kò ṣe èmi tó ń rán níṣẹ́.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó wo tépù ọwọ́ rẹ̀, ó ní gbogbo ohun tó wà nínú ilé yìí lòun ti wọ̀n tán àfi Ìyá. Ó wá dá a lábàá pé ká ya ilé ìdáná náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, bó ṣe máa tóbi gan-an, kí Ìyá wá dáná nínú rẹ̀ ká wò ó.

Ọjọ́ Sátidé la ṣe é. A ránṣẹ́ pe bíríkìlà tó máa ṣiṣẹ́ náà kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ọkọ mi lu ihò sí ìdí agolo mílíìkì, ó rọ eérú sí i, ó ń gbọ̀n ọ́n lọ bó ṣe ń fa tépù, títí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi yọ sílẹ̀ ní funfun. A fi búlọ́ọ̀kù ṣe gáàsì, a fi báàfù ṣe sínkì. Fíríìjì ló ṣòro, torí kò sẹ́ni tó lè gbé e jáde. Ọkọ mi ní kò sí wàhálà, òun ni fíríìjì. Ó lọ dúró sí igun, ó gbé ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yọ ikùn síta.

Ìyá mi kọ́kọ́ ní òun ò bá ọmọdé ṣeré. Mo ní kó ṣáà bá wa se ọ̀ọ̀lẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ ọ̀ọ̀lẹ̀ ni, òun ò lè se afẹ́fẹ́, kí n lọ rẹ ẹ̀wà gidi wá. Mo sáré lọ. Nígbà tí mo máa fi dé, ó ti gbé àpótí wọlé, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé o, ó sì ti jókòó sí àárín ilé ìdáná tí kò ní òrùlé, ó ń wò yí ká bí ẹni tó fẹ́ gba ilé. Ó ní kí wọ́n gbé àdògán èédú wá síwájú òun, kí wọ́n kó búlọ́ọ̀kù gáàsì tiwa yẹn sún sẹ́yìn.

Ibi tó kọ́kọ́ mú wa ni sínkì. Báàfù wa ga, ó wà lórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ ò dé e láìdìde. Mo fẹ́ lọ bá a bomi, ó ní kí n fi sílẹ̀.

"Ṣé wọ́n ń dìde dúró ṣe àlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí ni?" ló bi wá.

Bíríkìlà pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rọ omi ìsàlẹ̀ bíi ti mọ́ṣáláṣí, èyí tí èèyàn ń jókòó ṣí, ó ní iṣẹ́ kékeré nìyẹn, páìpù kan náà tó ń lọ sí sínkì lòun máa yà wá sílẹ̀. Gbogbo wa ti jókòó sídìí irú ẹ̀rọ omi bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà, kò sì wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé odó wá ká mọ ibi tí yóò wà. A wo kàlẹ́ńdà tòkètilẹ̀, odó ò sí níbẹ̀. Àwa ọmọ Ìgbómìnà, a ya ilé ìdáná, a ò rántí ibi tí a ó ti máa gúnyán! Ọkọ mi kojú sí ibòmíràn, ó ní fíríìjì kì í sọ̀rọ̀. A gbé odó sí igun tó kù. Bíríkìlà na igi síbi tí kọ́bọ́ọ̀dù mi máa wà lókè, mo gbé ọmọ odó sókè, gbà! Mo gbá igi dànù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Ó ní àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn máa gbádùn. Báyìí ni kọ́bọ́ọ̀dù mi ṣe kúrò lápá ibẹ̀, mi ò sì jiyàn.

Obìnrin tó ń gbé ilé kejì sí tiwa wá gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, ó dúró wò wá, ó bèèrè ohun tí à ń ṣe, ó sì ń bọ̀ wá kí wa. Ìyá mi dá a dúró. Ó ní ògiri ló fẹ́ gbà kọjá yẹn, kó gba ẹnu ọ̀nà. Obìnrin náà wo ilẹ̀, ó wo ìyá mi, ó yí po, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó sì kúnlẹ̀ kí i. Ẹ̀rín pa wá débi pé fíríìjì jókòó sílẹ̀.

Àní kò pẹ́ tí wọ́n fi lé fíríìjì náà jáde. Ìyá mi ní ó dí afẹ́fẹ́ fèrèsé, kó máa lọ sí pálọ̀. Ó sọ fún bíríkìlà pé kí ilẹ̀kùn máa ṣí síta. Ó ní kí ó mọ pèpéle kékeré kan síwájú òun, tí kò ní ga ju orúnkún lọ, tí àdògán àti ìkòkò máa jókòó lé, tí àyè máa wà lórí rẹ̀ fún abọ́ méjì. Mo ń sọ pé gáàsì mi ńkọ́, pẹpẹ mi ńkọ́, ó ní gbogbo rẹ̀ wà lápá ọ̀hún, kí n dúró se tèmi, òun á jókòó se tòun. Bíríkìlà wọ̀n ọ́n, ó bá a mu, yàrá kótópó yẹn gbà wá méjèèjì.

Ìgbà tí ewé ọ̀ọ̀lẹ̀ ti wà nínú ìkòkò ni bíríkìlà wá bi ọkọ mi ní ìbéèrè kan. Kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ wa, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń bèèrè.

"Ẹ̀yin tíṣà, pèpéle ìsàlẹ̀ yìí, ṣé ká fi pákó ṣe é ni àbí búlọ́ọ̀kù? Pákó máa dáa o. Bí Ìyá bá ti padà sílé, ẹ kàn máa gbé e kúrò ni, àyè á ṣí sílẹ̀ fún yín."

Ọkọ mi kọjú sí mi. Mo ń wo ilẹ̀, mo ń wo ìlà eérú, mo sì ń bẹ Ọlọ́run lábẹ́lẹ̀ pé kí ó má jẹ́ kí ìyá mi sọ pé pákó. Ìyá mi ṣí ìkòkò, ó fi ìka tẹ ewé kan wò, ó dé e padà.

"Búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ fi ṣe é," ló wí. "Kí ẹ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ dáadáa. Mi ò fẹ́ èyí tí wọ́n lè gbé kúrò."

Bíríkìlà ní ó ti yé òun, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọkọ mi yíjú sápá ibi igi máńgòrò, ó ń nu ojú. Èmi ò lè mú un mọ́ra ní tèmi, mo bú sẹ́kún níbi tí mo dúró sí, ayọ̀ ló sì fà á. Ìyá mi wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní kí n nu ojú, kí n lọ kó àwo wá, kí n má gbàgbé ti bíríkìlà, torí ọ̀ọ̀lẹ̀ òun ti jinná.