Ọ̀pọ̀lọ́ Tó Gba Inú Wáyà Wọlé

Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ n rò ó bó ṣe jẹ́. Nígbà tá a wà lọ́mọdé nínú apátímẹ́ǹtì wa ní Sharpstown, nílùú Houston, wáyà kébù tó ń gbé àwòrán wá sórí tẹlifíṣọ̀n náà ló ń gbé géèmù wá. A ó so ó mọ́ ẹ̀rọ géèmù, a ó yan èyí tó wù wá, a ó sì máa wò ó bó ṣe ń wọlé díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń kán sínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n tá a bá fi lè pa ẹ̀rọ náà pẹ́nrẹ́n, ibi tá a bá a dé ti di òfo nìyẹn. Bí oṣù bá sì parí, àwọn oníkébù á kó géèmù lọ, wọ́n á kó òmíràn wá.

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan báyìí, oṣù ń parí lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti jí ní kùtù, a ti sin ọ̀pọ̀lọ́ inú géèmù kan tó wọ bàtà pupa dé ẹnu ọ̀nà ààfin, ibi tá ò dé rí. Ni ìyá wa bá pariwo láti yàrá:

"Ṣé ẹ ti yọ gbogbo nǹkan kúrò lára iná? A ti pẹ́ o!"

Ìyá wa kì í jáde nílé láìyọ gbogbo nǹkan. Iná Nàìjíríà ló kọ́ wọn. Tá a bá ní ti Houston kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní, "Iná ni iná ń jẹ́. Kò mọ Amẹ́ríkà."

Ẹ̀gbọ́n mi yọ áyọ́ọ̀nù, ó yọ fáànù, ó pa tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ géèmù ni kò fọwọ́ kàn. Ó fi aṣọ ìnura bò ó.

"A ti yọ ọ́, Mọ́mì!"

Ìyá àgbà, tí orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lọ, rí gbogbo rẹ̀ láti orí àga wọn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Stafford, àdúrà ò parí bọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe àmín kí wọ́n tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nígbà tá a padà, ìyá wa dúró bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Àwa sáré gòkè. Tẹlifíṣọ̀n ti tàn. Páàdì tá a fi ń darí géèmù wà lọ́wọ́ ìyá àgbà. Ọ̀pọ̀lọ́ ti wà nínú ààfin!

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa!"

"Kí n fún yín? Àbí kí n pe ìyá yín kó wá wo ohun tẹ́ ẹ daṣọ bò?"

A jókòó pẹ̀sẹ̀. Ìyá àgbà tẹ ibi tí ò yẹ kí wọ́n tẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ já sí kòtò, ó parí.

"Èyí ò mọ̀ ọ́n fò," ni wọ́n wí.

Ká tó tún sin ín dé ìdajì ọ̀nà, ilẹ̀ ti ṣú. Ọjọ́ kejì, a ò bá a mọ́.

"Ọ̀rẹ́ mi dà?"

"Wọ́n ti kó o lọ, Màmá."

"Kò tiẹ̀ dágbére! Ta ló wá rọ́pò ẹ̀?"

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ìyá wa tún pariwo láti yàrá. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó lanu, ìyá àgbà ti dáhùn:

"Wọ́n ti yọ ọ́ o! Ẹ máa lọ."

Gèlè ìyá àgbà ló wà lórí ẹ̀rọ náà.